Itan gbágungbàgun
Ọmọ ọdún 52 ni mí, àǹkárá ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, n'Íléṣà. Láti àárọ̀ dalẹ́, orí àpótí ni mo máa ń wà. Ìgbà tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró ni itan mi wá túbọ̀ rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn. Kì í ṣe àrùn o: bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, awọ á máa fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ á máa yọrí. Òun ni wọ́n ń pè ní cellulite. Ẹni tín-ín-rín náà ń ní in.

Ẹ má jókòó pẹ́. Bí oníbàárà bá ti lọ, ẹ di àpótí mú, ẹ rọra lóṣòó, ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iṣan á le, awọ á tẹ́ díẹ̀. Ẹ dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù, ẹ jìnnà sí sìgá. Ìpara tí mo rà ńkọ́? Owó mi nìkan ló bó.