Bí mo ṣe fi wáìfáì rí ilẹ̀kùn irin tó wà nínú ògiri ilé wa

Ilé àwọn òbí mi n'Íbàdàn jẹ́ irú ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi yàrá kún bí owó bá ṣe ń wọlé. Yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá ni àbúrò mi ń lò. Níbẹ̀ ló ti ń gba ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ni wáìfáì kì í sì í dé dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló ń ní ká ra ráútà mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín wáìfáì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Yàrá màámi jìnnà sí pálọ̀ tí ráútà wà ju yàrá yẹn lọ, wáìfáì sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn geere. Nǹkan kan ló ń dínà, mo sì fẹ́ mọ ibi tó wà kí owó tó jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ti la ọ̀nà tí mo tọ̀ yìí ṣáájú mi. Ní 2010, Joey Wilson àti Neal Patwari ní Yunifásítì Utah, Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí èèyàn ṣe lè fi ìgbì rédíò tó dínkù láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké ya àwòrán ohun tó wà láàárín wọn. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí ẹ̀rọ CT ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn ní London ní 1971. Wọ́n á ta ìtànṣán gba ara kọjá láti ìhà oríṣiríṣi, wọ́n á wo ìwọ̀n tó jáde lódì kejì, wọ́n á wá ṣírò ibi tí ohun tó gbà á mu wà. Ẹ̀rọ púpọ̀ ni àwọn ará Utah lò. Ráútà kan, fóònù Android kan, téèpù ìwọ̀n, ṣọ́ọ̀kì àti ìwé gíráàfù ni èmi ní, ó sì tó.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nọ́ńbà náà ṣe ń lọ. dBm, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìgbì, ni áàpù tó ń wo wáìfáì máa ń fi hàn, àmì ìyọkúrò sì máa ń wà níwájú rẹ̀. −40 lágbára gan-an, −67 ṣì lè gbé ìpè onífídíò, −80 ti ń kú lọ. Bó bá fi 3 wálẹ̀, ìdajì agbára ti lọ. Bó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Bó bá wá fi 20 wálẹ̀, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́kù.

Mo wọ inú sẹ́tìn ráútà, mo fún 2.4 GHz àti 5 GHz, ìyẹn oríṣi ìgbì méjì tí ráútà fi ń pín wáìfáì, ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí fóònù má baà máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, mo sì so 2.4 mọ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn ṣánẹ́ẹ̀lì 6. Láti ìgbà Android 9, fóònù kì í jẹ́ kí áàpù yẹ wáìfáì àyíká wò ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Láti Android 10, ní Developer options, apá kan nínú sẹ́tìn fóònù, lèèyàn ti lè pa ìdíwọ́ yẹn. Ẹ má fo ibẹ̀ o, torí bẹ́ ẹ bá fò ó, nọ́ńbà àtijọ́ lẹ ó máa kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ráútà jáde sí àgbàlá, níbi tí nǹkan kan ò ti sí láàárín èmi àti òun. Ní mítà kan, −38. Ní mítà méjì, −44. Ní mẹ́rin, −51. Ní mẹ́jọ, −56. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, torí bí ọ̀nà bá ti di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 máa ń lọ nínú atẹ́gùn lásán. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Wọ́n á kun máàpù ilé ní pupa àti àwọ̀ ewé, wọ́n á ní ibi tó pupa ni wáìfáì ò dé. Ṣùgbọ́n jíjìnnà nìkan tó láti sọ ibì kan di pupa. Àfi kéèyàn yọ ti jíjìnnà kúrò kó tó mọ èyí tí ògiri jẹ.

Ó wá kan inú ilé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, láti pálọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé àwọn yàrá. Àga oníke ni mo ń gbé fóònù lé, màá sì sún sẹ́yìn, torí omi pọ̀ lára èèyàn, omi sì máa ń gba ìgbì yìí mu. Ohun mìíràn tún wà. Ìgbì 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ó sì ń ta lu ògiri ó ń padà bọ̀, nítorí náà béèyàn bá sún fóònù díẹ̀ báyìí, nọ́ńbà lè fò sókè tàbí já wálẹ̀ ní 5 tàbí 6. Ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń sún un yíká díẹ̀díẹ̀, màá ka nọ́ńbà mélòó kan, èyí tó bá bọ́ sí àárín ni màá kọ.

Ẹ wo ibi tábìlì àbúrò mi. Mítà mẹ́fà ló fi jìnnà sí ráútà, nítorí náà −54 ló yẹ kó jẹ́ bí ibẹ̀ bá ṣófo. −80 ni mo kà. 26 ti lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà kan nínú ilé wa ń jẹ nǹkan bí 5, mo ti wọn ìyẹn láàárín pálọ̀ àti yàrá tó kàn án. Ògiri méjì ni ìlà láti ráútà dé tábìlì gbà kọjá, ìyẹn 10. 16 tó kù ńkọ́? Ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn, ibi tí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ, −65 ni mo kà, ògiri méjì náà sì tó láti dáhùn fún un.

Mo fa ìlà láti ráútà dé gbogbo ojú àmì tí àdánù rẹ̀ pọ̀ ju ti ògiri lọ. Wọ́n tò pọ̀ bí òjìji tó ń fẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá. Ṣùgbọ́n òjìji kan kò tó, ohun tó ń dínà lè wà níbikíbi lójú ọ̀nà yẹn. Ni mo bá gbé ráútà lọ sí kíṣìnnì, mo tún wọn gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òjìji kejì bọ́ sí igun mìíràn nínú yàrá kan náà. Ibi kan ṣoṣo ni òjìji méjèèjì ti gbé kọjá lórí ara wọn, lára ògiri tó wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá náà, kò sì fẹ̀ ju mítà kan lọ.

Mo tún fẹ́ mọ bó ṣe ga tó. Mo gbé ráútà sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo so fóònù mọ́ orí igi ìgbálẹ̀, mo nà án títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà yàrá, áàpù ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lókè yẹn, àdánù já wálẹ̀ sí ti ògiri lásán. Bí mo ṣe rẹ fóònù wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi mítà méjì, 15 tún lọ. Ohun tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì ga ní méjì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́, mo fi kan pákó tí wọ́n kùn lọ́dà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lẹ̀ gbàgà.

Màámi ń bọ̀ láti kíṣìnnì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà lẹ́yìn pákó yìí?"

Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa àtijọ́ ni. Nígbà tá a fi yàrá yẹn kún ilé, bàbá yín ní ká má wulẹ̀ yọ ọ́, férémù rẹ̀ ti wọnú ògiri jù. Bíríkìlà mọ búlọ́ọ̀kù dí i nínú, káfíńtà kan pákó bò ó níta."

Ìgbì wáìfáì kò lè gba inú páànù irin kọjá rárá. Ìwọ̀nba tó ń dé tábìlì àbúrò mi, etí ilẹ̀kùn ló ń gbà yọ, tàbí kó ta lára ògiri mìíràn wọlé. Ráútà mìíràn ì bá bá irin yẹn níbẹ̀.

A ò fọ́ nǹkan kan. Mo ra wáyà gígùn, mo gbé ráútà lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, níbi tí ìlà sí tábìlì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kọjá. −63 ló ń dé ibẹ̀ báyìí. 5 GHz ṣì wà ní −78, ó sì dín ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí náà 2.4 ni kọ̀ǹpútà àbúrò mi ń lò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn 5 GHz náà lórí ìwé gíráàfù mìíràn, kí n mọ̀ bóyá búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń jẹ ẹ́.