Bí A Ṣe Ń Mú Kí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tún Yá
Kí ẹ tó ju kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ bí ìgbín sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ wo iye RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) inú rẹ̀, nítorí pé Windows 11 kò gba ohun tó kéré sí 4 GB, nígbà tí àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 GB, Linux (ètò tí a lè fi rọ́pò Windows) tó fúyẹ́ ni mo fara mọ́: Lubuntu, tó ń lo LXQt (ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́), ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dán wò. Ẹ fi àwọn fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, ẹ kọ Lubuntu sórí fíláàṣì, kí ẹ sì fi fíláàṣì náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ lè dán an wò láì fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú disk. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ 32-bit (irú èyí tó ṣáájú 64-bit), kò ní gba Lubuntu tòde òní. AntiX 23, Linux mìíràn tó fúyẹ́, ni kí ẹ lò.

Bí Linux náà bá ti wọlé, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ “free -h”, kí ẹ wo iye tó wà lábẹ́ “used”, ìyẹn RAM tí ẹ̀rọ ń lò. Ẹ wá ṣí ojú ewé mẹ́wàá nínú Firefox, kí ẹ tún un tẹ̀: ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tó ń jẹ RAM gan-an.