Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Àbàtà Ẹ̀gbẹ́ Ilé tàbí Oko fún Ẹyẹ àti Ẹranko

Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ sí etí adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tí a fi odò Ọ̀nà dá ní 1942, yóò gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí ó kó yanrìn dí àbàtà ibẹ̀. Ẹ má tíì dí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ láti ẹ̀ẹ̀rùn títí di òjò, kí ẹ sì ri igi mọ́lẹ̀ níbi tí omi kún dé, nítorí pé ibi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà padà ni àkèré ń yé sí, ibẹ̀ ni ẹja àrọ̀ máa ń wọ̀ láti yé nígbà tí odò bá kún, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹyẹ omi ti ń jẹun.

Ẹ fi koríko sílẹ̀ létí omi. Ní tèmi, mítà 10 kò pọ̀ jù. Ẹ lè gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí àkùrọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àdá àti ọkọ́ ni kí ẹ fi ro ó, ẹ má ṣe fọ́n oògùn apakoríko, nítorí pé àwọ̀ àkèré ń fa ohun tí ó wà nínú omi wọlé. Ẹ má sì sun koríko náà ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀yà ń sá pamọ́ sí.

Òṣíbàtà kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni koríko omi olódòdó àlùkò tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí ó ti yọ Ẹlẹ́yẹlé lẹ́nu: ó ń bo ojú omi, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ẹ fi ọwọ́ fà á kí ó tó tanná, kí ẹ sì sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Aládùúgbò yóò ráhùn nípa ẹ̀fọn. Ẹ fi hàn án pé inú táyà àti agolo ni tánwíjí ti ń rọ́wọ́ yọ, níbi tí kò sí ẹja tàbí ọmọ lámilámi tí yóò jẹ ẹ́. Síbẹ̀, kí oníkálukú sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kò bá wọ̀ ọ́ létí, ẹ rán an létí Omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ 1980, nítorí pé àbàtà tí a kò dí a máa gba omi òjò dúró, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oṣù Kìíní ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀, torí pé àwọn ẹyẹ tí ó ń sá fún òtútù Yúróòpù ṣì wà níhìn-ín. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí omi dé lára igi, àti orúkọ tí ará àdúgbò ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan.