Ọmọ mi há Sáàmù sórí, mo sì pè é ní ìwé kíkà

Owó tí mo kó lé páálí ìwé kan ló kọ́kọ́ mú kí n fẹ́ kọ ìrírí yìí sílẹ̀. Àwọn tó tà á sọ pé kò sí ohun tí òbí onígbàgbọ́ tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé máa nílò tí kò sí nínú rẹ̀: ìwé kíkà, ìṣirò, Bíbélì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí páálí náà dé ni mo tó rí i pé ìwé olùkọ́ kò sí níbẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Nígbà tí mo ra ìwé olùkọ́, ó ku káàdì ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ra káàdì, ó ku ìwé ìdánwò. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó tí mo ti san ti ju ìlọ́po méjì èyí tí mo yà sọ́tọ̀ lọ, wọn kì í sì í gba ìwé padà tí ènìyàn bá ti já páálí rẹ̀. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé mo fi oṣù márùn-ún kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìwé kíkà, síbẹ̀ kò mọ ìwé kà.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé sọ, ẹ yan wákàtí tó bá ilé yín mu, ẹ sì wá tábìlì tí kò mì. Ìṣirò lọ geerege, nítorí náà n kò ní í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé kíkà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kẹrin, ọmọ mi dìde nínú ìjọ, ó gbé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì dání, ó sì ka Sáàmù 23 láti ẹsẹ kìn-ín-ní títí dé ẹsẹ kẹfà láì kọsẹ̀. Orí mi wú débi pé, nígbà tí àwa ìyá ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè. Mo ṣí Diutarónómì 6:7, níbi tí a ti ní kí òbí máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá jókòó nílé àti nígbà tó bá ń rìn lọ́nà, mo sì sọ pé òbí tó bá kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti gbé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún un fún ẹlòmíràn. Ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tíṣà, tí wọ́n ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́, jókòó ní ìlà iwájú. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣí ìwé orin wọn, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi bi mí léèrè pé àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní Jámánì ńkọ́, níbi tí òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ìdílé onígbàgbọ́ kan níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, pé ìgbàgbọ́ àwọn ni kò jẹ́ kí àwọn lè fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2006 ilé ẹjọ́ náà kò gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 1993 ni kíkọ́ ọmọ nílé ti bófin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta. “Ṣé ìgbàgbọ́ ará Amẹ́ríkà ló wá ju ti ará Jámánì lọ ni, àbí òfin wọn ló yàtọ̀?” Ó tún mẹ́nu ba Hánà tó fa Sámúẹ́lì lé Élì lọ́wọ́, àti Dáníẹ́lì tí wọ́n kọ́ ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà tí kò sì torí bẹ́ẹ̀ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Mo ní ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ojú ń tì mí láti kọ èyíkéyìí nínú wọn síbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. A ń ka ìwé ìtàn kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni “horse”, ọmọ mi sì ka “pony”. Mo wo lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Mo mú bébà kan, mo fi bo àwòrán ẹṣin tó wà lókè. Ó dákẹ́. Kò wo ìwé mọ́, ojú mi ló ń wò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Nígbà tó yá, ó ní “house”. Mo gbé Bíbélì wá, mo ṣí Sáàmù 23, mo ní kó fi “shepherd” hàn mí. Ó fi ìka lé “still”. Mo wá ṣí ìwé náà sí Sáàmù 40 láì sọ fún un, mo ní kó kà á. Ó fi ìka tọ ìlà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ka Sáàmù 23 jálẹ̀ láti orí Sáàmù 40. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Mo padà sí ìwé olùkọ́ tí mo san owó ọ̀tọ̀ lé lórí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó wo àwòrán, kí ó wo lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ó sì ro ohun tó bá gbólóhùn mu. Ohun tí ọmọ mi ń ṣe gan-an nìyẹn. Àṣé akẹ́kọ̀ọ́ rere ni. Lóru, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kà pé ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti yẹ ìwádìí nípa ìwé kíkà wò ti jábọ̀ ní ọdún 2000 pé kíkọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ìwé kà. Ìròyìn náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí n tó ra páálí mi, àwọn tó tà á fún mi kò sì mẹ́nu bà á.

Ìdádúró tó burú jù wá bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Ẹni tó lè ràn mí lọ́wọ́ kò jìnnà, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú Ìyá Tíṣà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo sọ? Mo ní n óò dá a ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kọ́ ọmọ náà pé “b” ń jẹ́ “bù”, “t” ń jẹ́ “tù”, tí a bá sì fẹ́ so “bat” pọ̀, ohun tó ń jáde ni “bù-à-tù”. Ó ń sọ ọ́ láìṣe àṣìṣe kankan, “bù-à-tù”, lẹ́yìn náà ó máa bi mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, ó sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì a tún bẹ̀rẹ̀. Kólósè 3:21 sọ pé kí àwọn baba má ṣe mú ọmọ wọn bínú kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì. Mo kà á, mo sì sọ fún ara mi pé àwọn baba ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo pe Ìyá Tíṣà. Wọ́n jókòó tì wá, wọ́n gbọ́ “bù-à-tù” lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì sọ fún mi pé, “Gé ìdí rẹ̀ kúrò. Kò sí ‘ù’ kankan níbẹ̀.” Wọ́n ní kí n fi “b” àti “t” sílẹ̀ ná, kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró tí èémí lè fà gùn, bíi “m”, “s” àti “f”, kí ọmọ lè máa yọ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láì dúró láàárín. Ó fa “sss”, ó fa “aaa”, ó fa “mmm”, ó sì gbójú sókè lójijì: “Sam!” Èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pariwo ni mo sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó kan “sh”, wọ́n ní kí n rán an létí “gb” tó mọ̀ nínú Yorùbá, lẹ́tà méjì, ìró kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, kò sí káàdì, kò sí àwòrán. Bí ó bá sì fẹ́ méfò, kí n fi bébà bo ọ̀rọ̀ náà, kí n máa ṣí i ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìméfò yẹn gan-an ló pẹ́ kó tó lọ. Oṣù mẹ́rin ni.

Ká ní mo mọ̀ ni, n óò ti béèrè láti rí ojú ewé mẹ́wàá nínú ìwé olùkọ́ kí n tó sanwó. N óò máa bo àwòrán láti ọjọ́ kìn-ín-ní, n óò sì máa kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ fún ọmọ láti kà, bíi “vab” tàbí “lish”, nítorí kò sí bí ó ṣe lè há irú wọn sórí. N óò jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kàwé lóṣooṣù, ẹni tí kò ní ìdí láti máa yìn mí.

N kò tíì yí ìpinnu mi padà o. Ilé ni a ṣì ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin kan tó gbọ́ ìtàn wa bi mí bóyá n óò wá mú ọmọ lọ sí “ilé ẹ̀kọ́ gidi” báyìí, inú sì bí mi gidigidi. Ṣé kò sí ọmọ tí kò mọ ìwé kà ní ilé ẹ̀kọ́ ni? Kò sí ẹni tó ń torí ìyẹn ní kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn kí Róòmù 14:4 tó sọ sí mi lọ́kàn, èyí tó béèrè pé ta ni ìwọ tí ń dá ọmọ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lẹ́jọ́, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò rọrùn láti gbé mì.

Ní oṣù tó kọjá, mo ṣí ìwé Jónà, tí a kò kà rí, mo sì gbé e fún ọmọ náà. Nígbà tó dé “Tarshish”, ó dúró, ó fi àtàǹpàkò bo ìdajì ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ní “Tar”, ó ṣí ìyókù, ó ní “shish”, ó sì ń bá ìwé kíkà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Tíṣà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ foríjì mí nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjelòó.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Èwo nínú wọn?”