Kíka CD4 nínú ìdánwò oògùn tuntun: ẹ yẹ ọwọ́ wò kí ẹ tó yẹ ẹ̀rọ wò

Bí láàbù méjì bá ka ẹ̀jẹ̀ kan náà tí iye CD4 (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà) wọn kò bára mu, flow cytometer, ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Pípẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí a fi ń wọn omi kékeré, ló sábà máa ń jẹ̀bi.

Ẹ̀jẹ̀ inú túùbù EDTA (èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì. 20 sí 25°C ni kó wà. Èyí tó bá ti kọjá iye wákàtí tí ẹ fi ẹ̀rí hàn nígbà validation (ìdánwò tó fi hàn pé ọ̀nà yín ṣeé gbára lé), ẹ má lò ó, kí ẹ bèèrè òmíràn.

Ẹ gbé túùbù Trucount (túùbù tí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí a mọ iye wọn wà nínú rẹ̀) síwájú iná, kí ẹ rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ irin tó dè é mọ́lẹ̀. Ẹ kán 20 µl antibody (èròjà aláwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀) sókè irin náà, kí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì má kan ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ po ẹ̀jẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá fi 50 µl sí i. Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Ẹ tẹ pípẹ́ẹ̀tì dé ìdúró kejì (ìsàlẹ̀ pátápátá) kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá ń tú u jáde, ìdúró àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró. Ìyókù ẹnu rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ara túùbù lókè kò ní bá antibody pàdé, iye CD4 á sì wálẹ̀.

Ẹ dé e, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kó lo ìṣẹ́jú 15 nínú òkùnkùn. Ẹ bu 450 µl omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Fífọ̀ ń gbé sẹ́ẹ̀lì àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ, orí méjèèjì sì ni ìṣirò dúró lé. Ká ní ẹ̀rọ ka sẹ́ẹ̀lì 8,000 àti ìlẹ̀kẹ̀ 10,000, tí túùbù ní ìlẹ̀kẹ̀ 50,000, tí ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ 50 µl: (8,000 ÷ 10,000) × (50,000 ÷ 50) = 800 nínú µl kan. Iye ìlẹ̀kẹ̀ yàtọ̀ láti lot (ìpín tí ilé iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan) kan sí èkejì. Ara àpò túùbù ni ẹ ti máa kà á, kì í ṣe látorí.

CD45 (àmì ara sẹ́ẹ̀lì funfun) ni kí ẹ fi threshold (ààlà tí ẹ̀rọ kì í ka ohun tó bá rẹlẹ̀ sí i) sí. Tí ẹ bá fi sí FSC (ìmọ́lẹ̀ tó ń fi bí nǹkan ṣe tóbi tó hàn), ìlẹ̀kẹ̀ lè bọ́ kúrò nínú kíkà, CD4 á sì fò sókè lásán.

Ẹ ti gate (ààlà tí ẹ fi ya sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ kà sọ́tọ̀) pa kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé. Bó bá di dandan kí ẹ sún un, ìdí, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sún un gbọ́dọ̀ wà nínú audit trail (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà). Lábẹ́ òfin 21 CFR Part 11 ti Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, oníkálukú ló ní orúkọ àti páswọọ̀dù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ẹ bá mi fi tiyín wọlé” kò sí níbẹ̀.

Fún sẹ́ẹ̀lì tó ṣọ̀wọ́n, 100 tí ẹ bá kà ti gbé CV (ìwọ̀n bí kíkà ṣe ń yàtọ̀ síra) nǹkan bí 10% wá kí ọwọ́ ènìyàn tó dá tirẹ̀ kún un. 400 á fún yín ní 5%. Ẹ ka púpọ̀ sí i, tàbí kí ẹ gbé LLOQ (iye tó kéré jù tí ẹ lè fọkàn tán) sókè.