Bí mo ṣe kan ọkọ̀ onígbòkun kékeré àkọ́kọ́ mi láti inú kíìtì

Kíìtì ni páálí tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ kékeré sí, kí èèyàn fúnra ẹ̀ tò ó pọ̀. Ọkọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Bluenose. Ọkọ̀ apẹja ni, òpó méjì ló ní, Lunenburg ní Nova Scotia, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti kàn án, ọdún 1921 ni wọ́n sì tì í sómi. Ó ń pẹja, ó tún ń bá àwọn ọkọ̀ apẹja Amẹ́ríkà sáré ìje, ó sì ń gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn dáadáa, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya á sẹ́yìn owó ẹyọ sẹ́ńtì 10 Kánádà láti 1937. Àmọ́ ká sòótọ́, ìtàn yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú un o. Mo mú un torí pé kò ní ìbọn kankan, kò ní ère àti ọ̀ṣọ́ jàgàjàgà nídìí, okùn ẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń bẹ̀rẹ̀, HMS Victory lojú wọn máa ń lọ sí, ọkọ̀ ogun òpó mẹ́ta tó ní ìbọn ńlá 104, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ olópó kan tàbí méjì tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa parí.

Kíìtì tèmi, ìwọ̀n 1:75 ni, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 75 lára ọkọ̀ gidi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 lára tèmi. Ọkọ̀ gidi gùn ju mítà 43 lọ, tèmi wá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58. Èèyàn tó ga ní mítà 1.8 máa di sẹ̀ǹtímítà 2.4 péré lórí ẹ̀. Mo gé páálí kékeré kan tó ga tó bẹ́ẹ̀, mo yà á bí èèyàn, mo dẹ̀ ń gbé e dúró sórí ọkọ̀ yẹn lóòrèkóòrè, torí tí mo bá ṣe àtẹ̀gùn tàbí ọwọ́ ìdìmú tó ga dé ọrùn ọkùnrin yẹn, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́.

Inú páálí kíìtì, ohun tí ẹ máa rí ni pílaíwúùdù pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fi lésà gé àwọn egungun ọkọ̀ sí, ìdì pílánkì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ oríṣi méjì, igi roboto gígùn fún àwọn òpó, òwú dúdú àti òwú aláwọ̀ ilẹ̀, aṣọ fún ìgbòkun, àti àwọn wẹ́wẹ́ onírin nínú ọ̀rá. Kí ẹ tó yọ ẹyọ kan kúrò lára pílaíwúùdù yẹn, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sára gbogbo wọn. Ẹ sì ka pílàànù dé ìparí, títí kan ibi okùn tó ṣì jìnnà, torí àwọn ihò kan wà tó rọrùn láti lu nígbà tí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ òkè ọkọ̀ tí àwọn atukọ̀ ń rìn lórí ẹ̀, ò tíì sí, tí dẹ́ẹ̀kì bá wá wọlé tán, ó di ìjàngbọ̀n.

Egungun ọkọ̀ rọrùn láti tò. Kíìlì ni igi gígùn tó lọ láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ti gé ojú sí i lára, àwọn egungun ìhà á wá máa wọ ojú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ tò ó láìfi gọ́ọ̀mù sí i rárá, mo gbé kíìlì sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kí n rí i pé kò tẹ̀, mo fi síkúwéà káfíńtà wo egungun kọ̀ọ̀kan bóyá ó dúró ṣánṣán, ìgbà tó tẹ́ mi lọ́rùn ni mo wá fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́. Súpà gúlù ò dáa níbí, kì í fún èèyàn láyè, kó o tó ṣẹ́jú ó ti mú. Gọ́ọ̀mù funfun á jẹ́ kí ẹ ṣì lè tì í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kó tó gan.

Ibi tí mo wá ń bọ̀ nìyí. Tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé okùn ló le jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Okùn ń gba àkókò ni, kò le. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dáa tàbí tó ti ń bàjẹ́ ni kí ẹ tó lẹ pílánkì kan mọ́ ọn, nígbà tí ẹ bá ń fi sáńpépà yún etí àwọn egungun yẹn. Èèyàn ò ní rí iṣẹ́ yìí mọ́ láéláé tí ọkọ̀ bá parí, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe máa ń sáré kọjá níbẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Bí lésà ṣe gé egungun, etí ẹ̀ dúró ní igun, ó mú. Pílánkì dẹ̀ rèé, kì í gba ojú egungun kọjá ní títọ́, ó ń tẹ̀ bọ̀ wá síwájú níbi tí ọkọ̀ ti ń tín-ín-rín. Ní àárín ọkọ̀ ó máa jókòó dáadáa, àmọ́ bó bá ṣe ń sún mọ́ iwájú, igun egungun nìkan ni pílánkì máa fara kàn, ìyókù á ṣófo. Gọ́ọ̀mù ò ní rí ibi dì mú, ibẹ̀ á sì yọ gẹ́gẹ́ síta. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ rẹ́ etí yẹn sílẹ̀ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo lẹ sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ gígùn kan, mo ń fi yún egungun mẹ́ta sí mẹ́rin pa pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí tí ẹ bá ń yún un lẹ́yọ lẹ́yọ, ọ̀kan á jìn ju èkejì lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó: ẹ mú pílánkì kan, ẹ tẹ́ ẹ láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ dojú kọ iná. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ pílánkì yọ níbi egungun kan, egungun yẹn ti jìn jù, ẹ lẹ awẹ́ igi pẹlẹbẹ mọ́ ọn kí ẹ tún un yún. Tí pílánkì bá ta lé ibì kan bíi pé nǹkan ń tì í, ibẹ̀ ló ga jù. Mo ń yí pílánkì yẹn sókè sódò, mo ń gbé e lọ sí apá kejì, mo tún ń padà, títí tó fi jókòó láìsí pé mo ń fipá mú un. Sáńpépà náà á tiẹ̀ sọ fún yín: níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń dún ràkàràkà bó ṣe ń fo igun dé igun, tó bá ti ń tó, á kàn máa dún ṣùù lọ ṣùù bọ̀. Ẹ bo imú o, eruku pílaíwúùdù ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Àlàfo tó wà láàárín àwọn egungun iwájú, mo fi igi balsa dí i, igi fúyẹ́ tí bíléèdì ń gé wẹ́rẹ́, mo yún òun náà mọ́ bí iwájú ṣe tẹ̀, kí pílánkì lè rí ibi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pílánkì. Ìpele méjì ni tèmi, ti ìsàlẹ̀ nípọn díẹ̀, tòkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ronú sí i ná: àárín ọkọ̀ fẹ̀ ju iwájú lọ, pílánkì kan náà ló sì máa gba àárín dé iwájú, ṣé ẹ rí i pé wọn ò lè gba ara wọn níwájú tí gbogbo wọn bá fẹ̀ bákan náà? Mo fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ wọn egungun àárín láti dẹ́ẹ̀kì dé kíìlì, mo wọn tiwájú náà. Ká ní àárín jẹ́ mìlímítà 110, pílánkì sì fẹ̀ ní mìlímítà 5, ẹyọ 22 ló máa gbà. Tí iwájú bá wá jẹ́ mìlímítà 66, pín in sí 22, pílánkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tín-ín-rín dé mìlímítà 3 níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tín-ín-rín ju ìdajì fífẹ̀ ẹ̀ lọ ṣá, àwọn tó ń kan ọkọ̀ gidi náà kì í jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dá pílánkì kan dúró lọ́nà, kí pílánkì tó tẹ̀ lé e gba àyè tiẹ̀. Ní ìdí ọkọ̀, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀, àlàfo ló máa yọ, ẹ máa gbẹ́ pílánkì ṣóńṣó sí i.

Títẹ̀ ẹ ńkọ́? Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí tó fi rọ̀, mo fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo wá fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a mọ́ ara ọkọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, mo jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Kó gbẹ tán pátápátá ni o! Igi tó mu omi máa ń wú, tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tútù, ó máa sún kì tó bá gbẹ, àlàfo á dẹ̀ yọ láàárín òun àti èkejì ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹni tó pa òwe yẹn á ti kan ọkọ̀ rí. Mo lẹ ẹyọ kan lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ bá parí apá kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ lè fa kíìlì wọ́. Nígbà tó parí mo fi pọ́tì dí àwọn kòtò kéékèèké, mo yún un, mo lẹ ìpele kejì. Ìpele kejì yá gan-an torí abẹ́ ẹ̀ ti dán.

Dẹ́ẹ̀kì dùn ún ṣe, ká má parọ́. Nínú ọkọ̀ gidi, wọ́n máa ń ki fọ́nrán okùn àtijọ́ sáàárín pílánkì dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á wá da ọ̀dà dúdú lé e kí omi má bàa wọlé, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń hàn. Tí ẹ bá fẹ́ irú ẹ̀, pẹ́ńsùlù ló tó. Mo kó pílánkì jọ nídìí, mo fi pẹ́ńsùlù pa etí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹ má lo máákà, á ṣàn wọ inú igi.

Kíkùn ò ní wàhálà, òkè dúdú, ìsàlẹ̀ pupa. Ìlà tó pín méjèèjì ni kí ẹ ṣọ́: mo fi ọkọ̀ sórí ìdúró ẹ̀, mo so pẹ́ńsùlù mọ́ igi kan kó má lè sún sókè tàbí sísàlẹ̀, mo wá ń ti igi yẹn yí ọkọ̀ ká lórí tábìlì. Ìlà náà á tọ́ bó ti wù kí ara ọkọ̀ tẹ̀ tó. Àwọn òpó, mo fi igi roboto há ẹnu dírìlì, mo fi sáńpépà dì í mú bó ṣe ń yí, ó ń tín-ín-rín lọ sókè fúnra ẹ̀.

Okùn wá kàn. Òwú dúdú ni fún àwọn tó di òpó mú tí kì í kúrò lójú kan, torí wọ́n máa ń fi ọ̀dà kun irú okùn yẹn lórí ọkọ̀ gidi, òwú aláwọ̀ ilẹ̀ ni fún àwọn tí wọ́n ń fà láti gbé ìgbòkun sókè sódò. Mo fi gbogbo òwú gba inú ìda oyin kí irun wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ lè sùn. Àkàbà olókùn tí àwọn atukọ̀ ń gùn lọ sókè òpó ló gbà mí lákòókò jù. Okùn ìdábùú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 5 jìnnà síra, torí nínú ọkọ̀ gidi ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38, ìgbésẹ̀ èèyàn kan. Mo fa ìlà sórí ìwé, mo fi há ẹ̀yìn okùn òòró, mo ń tẹ̀ lé ìlà yẹn. Kókó ẹ̀ rọrùn: ẹ gba òwú iwájú okùn òòró kọjá, ẹ yí i gba ẹ̀yìn ẹ̀ bọ̀ síwájú, ẹ gbé e dábùú lé ara ẹ̀, ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá ki ẹnu ẹ̀ sábẹ́ ibi tó ti dábùú, ẹ fà á. Ẹ má fà á le o, òun ni gbogbo ẹ̀. Tó bá le jù, okùn òòró á súnra wọn jọ láàárín, àkàbà yín á ní ìbàdí bí idì ìgbálẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ fi omi là, ìwọ̀nba bíńtín lórí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ gé etí ẹ̀. Inú lẹ ti máa ṣe bọ̀ síta, ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí okùn tí ẹ ti so má bàa dí ọwọ́ yín.

Ìgbòkun ńlá ẹ̀yìn, lórí Bluenose gidi ó fẹ̀ tó sìkúẹ̀ mítà 386, ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn o. Lórí tèmi ó wá tóbi bí aṣọ tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 27 ní ìbú àti òòró. Mo rẹ aṣọ náà sínú tíì tó ti tutù kí funfun ẹ̀ lè kú díẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo so ó. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn apẹja ń wọ̀ lọ sójú òkun lọ pẹja, mo kó wọn lé ara wọn lórí dẹ́ẹ̀kì bí wọ́n ṣe máa ń kó o.

Ẹ fi í sínú àpótí gíláàsì, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn bá a, òwú máa ń ṣá, ó máa ń gbó. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe àpótí yẹn, ẹ wọn ọkọ̀ láti ṣóńṣó igi tó yọ jáde níwájú títí dé ṣóńṣó igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá tó kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀, ara ọkọ̀ nìkan kọ́, torí igi méjèèjì yẹn máa ń fi ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà kún un.