Bí mo ṣe tún fullscreen géèmù ayò ṣe lórí láptọ́ọ̀pù méjì àti projector kan

Ọpọ́n ayò ni géèmù náà: ilé 12, ọmọ ayò 48. Python àti Pygame 2 (àkójọ irinṣẹ́ Python fún géèmù) ni mo fi kọ ọ́. Pátákó tí mo ń ya gbogbo rẹ̀ sí fẹ̀ ní píksẹ́lì 640, ó sì ga ní 360. Nínú fèrèsé kékeré, kò sí ohun tó ṣe é. Fullscreen, ìyẹn kí géèmù gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ló tú àṣírí. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ oní-1920 × 1080, apá kan ọpọ́n yọ kọjá etí ojú kọ̀ǹpútà, a ò rí i mọ́. Lórí oní-1366 × 768, àwọn ìlà tó yẹ kó dọ́gba rí wúruwùru: èyí nípọn, tọ̀hún tín-ín-rín. Lórí projector tá a gbé wá sí àdúgbò Under G níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọpọ́n gùn sókè bí ìgbà téèyàn fọwọ́ fà á.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kóòdù. Iye mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n tó wà nínú Display settings ti Windows, èyí tí pygame.display.Info() sọ kí n tó pe set_mode (òun ló ń ṣí fèrèsé géèmù), àti èyí tí screen.get_size() sọ lẹ́yìn tí mo pè é. Ẹ ṣọ́ra níbí o: tẹ́ ẹ bá pe Info() lẹ́yìn set_mode, ìwọ̀n fèrèsé yín ni current_w àti current_h máa sọ, kì í ṣe ti ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Lórí oní-1920, Info() ní 1536 × 864 ni. Ẹ pín 1920 sí 1.25, ẹ ó rí 1536. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1080, ẹ ó rí 864. Scale 125% tó wà nínú Windows, tó ń sọ ọ̀rọ̀ àti àwòrán di ńlá, ló fà á. Géèmù tí kò bá sọ fún Windows pé òun mọ̀ nípa scale, ìwọ̀n kékeré ni Windows máa fi hàn án, lẹ́yìn náà á wá na àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi sì ti kọ 1920 × 1080 sínú kóòdù ní tààrà, ló bá fẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Téèyàn bá gba 1536 × 864 bẹ́ẹ̀, á gbà á lóòótọ́, àmọ́ bàìbàì ni gbogbo rẹ̀ máa rí. Ìlà yìí ló wo méjèèjì sàn:

import sys, ctypes
if sys.platform == "win32":
    ctypes.windll.user32.SetProcessDPIAware()

Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú pygame.init(). Tí fèrèsé bá ti ṣí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ má sì yọ if yẹn, torí kò sí windll lórí Linux, géèmù á kú kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo yọ gbogbo iye tí mo fọwọ́ kọ. set_mode((0, 0), pygame.FULLSCREEN) máa ń mú ìwọ̀n tí ojú kọ̀ǹpútà ń lò lọ́wọ́. Ọpọ́n wà lórí Surface (pátákó ìyàwòrán Pygame) tirẹ̀, 640 × 360, èmi ni mò ń sọ ọ́ di ńlá; k ni ìlọ́po rẹ̀:

W, H = screen.get_size()
k = min(W / 640, H / 360)
if k >= 2: k = int(k)
w, h = int(640 * k), int(360 * k)
x0, y0 = (W - w) // 2, (H - h) // 2

min yẹn ló gba ọpọ́n lọ́wọ́ fífà. Projector yẹn jẹ́ 1024 × 768: ìbú fún wa ní 1.6, gíga fún wa ní 2.13. Tí a bá lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún apá tirẹ̀, ọpọ́n á gùn. 1.6 la mú fún méjèèjì, àwòrán di 1024 × 576, àlàfo dúdú 96 wà lókè, 96 wà nísàlẹ̀.

int(k) ni ti oní-1366. Ìlọ́po ibẹ̀ jẹ́ 2.13, transform.scale kò sì lè ya píksẹ́lì kan sí 2.13, ó máa ń sọ òmíràn di méjì, òmíràn di mẹ́ta. Ohun tó ba ìlà jẹ́ nìyẹn. Ní ìlọ́po 2 gééré, àwòrán di 1280 × 720, àlàfo 43 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 24 lókè àti nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ọpọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà dé etí. Ní tèmi, ìlà tó dọ́gba sàn ju etí tó kún lọ. Níbi tí k bá ti kéré sí 2, bíi ti projector, smoothscale, tó ń mú etí ìlà rọ̀, ni mo lò dípò scale.

Lẹ́yìn tí àwòrán tò, máùsì ló kù tí kò gbọ́ràn: ẹ tẹ ilé kẹta, ilé karùn-ún ló dáhùn. Ìdí ni pé event.pos (ibi tí máùsì tẹ̀, mx àti my) ń ka ojú kọ̀ǹpútà, ọpọ́n ń ka pátákó tirẹ̀.

gx = (mx - x0) / k
gy = (my - y0) / k

Mo fi àárín gbùngbùn dán an wò lórí oní-1366: (683 - 43) / 2 jẹ́ 320, (384 - 24) / 2 jẹ́ 180. Ó pé. Tí gx bá kéré sí 0 tàbí tó bá dé 640, inú àlàfo dúdú lẹ tẹ̀, ẹ fojú fò ó; bẹ́ẹ̀ náà ni gy pẹ̀lú 0 àti 360. Flag pygame.SCALED lè bá yín ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ti máùsì, bí ẹ bá ń kánjú. Mo fi í sílẹ̀ torí mo fẹ́ yan ìlọ́po fúnra mi.

Ẹ so Escape mọ́ pípa géèmù kẹ́ ẹ tó dán fullscreen wò rárá, torí kò sí X tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Mo tún so F11 mọ́ pípe set_mode àti ìṣirò k lẹ́ẹ̀kan sí i. NEPA mú iná lọ, projector kú, láptọ́ọ̀pù ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì: ìwọ̀n ti yí padà, F11 kan ló máa mú ọpọ́n padà sípò.